Ẹ Bi Wá, A Ó Wí: Ayé Àwọn Ará Amẹ́ríkà Láàárín 1900 sí 1930

Nínú ìwé wa tó kọjá, a tẹ àwòrán kan tí wọ́n yà ní New York ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn: ọkùnrin kan gbé òkúta yìnyín lé èjìká, àwọn ọmọdé ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Àwòrán kékeré yẹn ló fa gbogbo ìbéèrè yìí. Wọ́n wá láti Nyanya, láti Apo, láti Kánò, láti Minna. Èyí tí àyè gbà nìyí. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀, kó fún wa ní sùúrù díẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti ń rí yìnyín nígbà tí kò tíì sí fíríìsà? Mo ń ta sóbò àti kúnú lọ́jà. Yìnyín tí mo bá rà láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti di omi. Ọgbọ́n wo làwọn ń dá sí i? (Ìyá Ṣadé, Nyanya)

ÈSÌ: Ìyá Ṣadé, ẹ kú ọjà o. Ojú odò ni wọ́n ti ń gé e. Ní apá àríwá Amẹ́ríkà, òtútù oṣù kìíní àti ìkejì máa ń le débi pé ojú odò á dì gbagidi, ẹṣin á lè rìn lórí rẹ̀. Odò Hudson ní ìpínlẹ̀ New York àti odò Kennebec ní Maine lókìkí fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n á kọ́kọ́ gbá òjò dídì kúrò lójú yìnyín, torí ńṣe ló dà bíi kúbùsù tí wọ́n fi bò ó: kì í jẹ́ kí òtútù wọlé, yìnyín ò sì ní nípọn. Lẹ́yìn náà ni ẹṣin á fa irin eléyín kọjá ní ìlà-ìlà bí ẹni ń kọ ebè, wọ́n á fi ayùn gé èyí tó kù, wọ́n á sì fi ọ̀pá gígùn ti òkúta yìnyín lórí omi títí dé ẹnu ilé ìṣúra. Lẹ́búlẹ́bú pákó ni wọ́n fi ń dí àárín wọn àti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Yìnyín tí wọ́n kó ní oṣù kejì á ṣì wà níbẹ̀ nínú ooru oṣù kẹjọ.

Nígbà tí ìdọ̀tí ìlú bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn wọ odò, ẹ̀rù táífọ́ọ̀dù bà wọ́n, ni ilé iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ àti gáàsì amóníà sọ omi di yìnyín bá gbòde. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà dé ilé kò yí padà: kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ẹ̀mú irin, àti awọ tí ọkùnrin náà tẹ́ sí èjìká. Ìyàwó ilé á fi páálí kan sí ojú fèrèsé. Nọ́ńbà mẹ́rin ló wà létí páálí náà, 25, 50, 75 àti 100, ìyẹn ìwọ̀n yìnyín ní páùn. Èyí tí ó bá kọjú sókè ni oníyìnyín á gé. Páùn 25 tó kílò mọ́kànlá. Àwọn ọmọdé inú àwòrán wa yẹn, àfọ́kù tó ń já bọ́ nígbà tó ń gé e ni wọ́n ń lé.

Lára àpótí tí wọ́n ń gbé e sí nínú ilé ni ọgbọ́n yín wà. Pákó líle ni, ògiri rẹ̀ jẹ́ méjì, wọ́n sì fi lẹ́búlẹ́bú pákó tàbí kọ́ọ̀kì kún àárín. Páànù síǹkì ni wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀. Òkè ni yìnyín máa ń wà, kì í ṣe ìsàlẹ̀, torí atẹ́gùn tútù wúwo ju gbígbóná lọ. Ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń ti èyí tó gbóná gòkè padà sọ́dọ̀ yìnyín. Abẹ́ yìnyín gan-an, níbi tí òtútù ti kọ́kọ́ ń balẹ̀, ni wọ́n ń gbé mílíìkì àti bọ́tà sí. Ẹja, àlùbọ́sà àti ohunkóhun tó ń rùn, pẹpẹ òkè lápá kejì ni tiwọn, torí ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà kẹ́yìn kó tó padà sára yìnyín. Òórùn á wá bá omi yìnyín lọ, mílíìkì ò ní fà á mọ́ra. Páìpù kékeré ló ń gbé omi yẹn lọ sínú abọ́ tó wà nílẹ̀ lábẹ́ àpótí. Ohun méjì ló máa ń bàjẹ́ níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ìyọ̀kùyọ̀kù á dí páìpù náà bí wọn ò bá fi omi gbígbóná àti sóódà fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èkejì, bí wọ́n bá gbàgbé láti da abọ́ náà nù kí wọ́n tó sùn, omi á kún kọjá etí, á sì máa kán sórí àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìjà tó bá ti ibẹ̀ yọ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ó ní àṣìṣe kan tí àwọn obìnrin ayé ìgbà náà máa ń ṣe, a sì fura pé ẹ̀yin náà ń ṣe é: wọ́n á fi ìwé ìròyìn tàbí kúbùsù we yìnyín nínú àpótí kó má baà tètè yọ́. Bẹ́ẹ̀, yíyọ́ tó ń yọ́ yẹn gan-an ló ń mú nǹkan tutù. Ooru tí kílò yìnyín kan ń gbé mì kó tó di omi tó láti mú kílò omi kan láti orí òtútù yìnyín lọ sí ìwọ̀n 80 lórí tẹmómítà. Yìnyín tí kò yọ́ kò ṣiṣẹ́. Àpótí ni kí ẹ fi nǹkan we níta, kí ẹ fi yìnyín sílẹ̀ ní ìhòòhò.

Ní ti kúlà yín: ẹ ra òkúta kan tó tóbi dípò wẹ́wẹ́, torí wẹ́wẹ́ tètè ń yọ́. Ìgò sóbò lè wà nínú omi yìnyín, á tilẹ̀ tètè tutù sí i. Ẹran kò gbọdọ̀ jókòó nínú omi yẹn láé. Ẹ gbé e sórí nǹkan, kí ẹ sì máa da omi náà nù. Ẹ má ṣí ìdérí láìnídìí. Àpótí àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn pàápàá kò tutù tó fíríìjì; ẹran tútù kì í ju ọjọ́ kan sí méjì nínú rẹ̀. Síbẹ̀ òun ni wọ́n ń lò, torí ní 1922 owó fíríìjì alẹ́tíríìkì kan ju owó mọ́tò Ford tuntun lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní mọ́tò Ford àkọ́kọ́ máa ń ṣẹ́ èèyàn lápá. Mo ní irọ́ ni. Ta ló jàre? Báwo ni wọ́n tiẹ̀ ṣe ń wà á? (Mẹkáníìkì kan, Apo)

ÈSÌ: Ọ̀gá yín jàre. Ford tí wọ́n ń pè ní Model T, tó jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1908, kò ní sítátà. Irin kan tó yọ jáde lábẹ́ rédíétọ̀ ni háńdù tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì. Ìṣòro rẹ̀ wà lọ́dọ̀ iná pílọ́ọ̀gì. Bí iná bá tètè tàn kí písítọ̀nù tó dé òkè pátápátá, ńṣe ni yóò ti písítọ̀nù padà sẹ́yìn, háńdù náà á yí padà tipátipá sí ẹni tó dì í mú. Ọrùn-ọwọ́ lọ, àtàǹpàkò lọ, nígbà mìíràn apá.

Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Á fa bíréèkì ọwọ́ sẹ́yìn pátápátá, torí òun ló ń fi mọ́tò sí níútírà. Lábẹ́ sítíárìn, ọ̀pá kékeré méjì wà: ti òsì ń darí àsìkò tí iná ń tàn, ti ọ̀tún ń darí epo. Á ti ti òsì sókè pátá kí iná má baà tètè tàn, á fa ti ọ̀tún wálẹ̀ díẹ̀. Á wá lọ síwájú, á fa wáyà ṣóòkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀, á sì yí háńdù lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta láìtan iná kí epo lè wọlé. Ìgbà yẹn ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ tan iná. Ọwọ́ òsì ni yóò fi mú háńdù, àtàǹpàkò á wà lápá kan náà pẹ̀lú ìka yòókù, kò gbọ̀dọ̀ ká a mọ́ ọn. Á fà á láti ìsàlẹ̀ sókè, kò ní tì í wálẹ̀. Bí háńdù bá ta padà, ọwọ́ á kàn já kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó gbàgbé ọ̀pá òsì yẹn nìkan ni háńdù ń dá sẹ̀ríà fún. Nígbà òtútù, wàhálà mìíràn tún wà: ọ́ìlì á ki, gíà kò ní tú sílẹ̀ dáadáa, bí ẹ́ńjìnnì bá ti dáhùn mọ́tò á máa wọ́ bọ̀ wá bá ẹni tó yí i. Àwọn kan a máa fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kan sókè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti wíwà, awakọ̀ òde òní tó bá wọ inú rẹ̀ á ṣìnà. Pẹ́dà mẹ́ta ló ní, kò sí ti epo lára wọn. Ẹ tẹ ti òsì mọ́lẹ̀ pátá, ó wà ní gíà kékeré. Ẹ gbé e dé àárín, níútírà. Ẹ fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ sì ti bíréèkì ọwọ́ síwájú, gíà ńlá. Pẹ́dà àárín ni rìfáàsì. Ti ọ̀tún ni bíréèkì, inú gíà ló sì ti ń mú, kì í ṣe ara táyà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fún un lépo.

Mọ́tò yìí a máa fi ẹ̀yìn gun òkè. Abẹ́ ìjókòó ni táńkì wà, kò ní pọ́ńpù, fúnra rẹ̀ ni epo ń ṣàn lọ sí kàbúrétọ̀. Bí epo bá ti kù díẹ̀, tí òkè sì ga, kàbúrétọ̀ á ga ju táńkì lọ, ẹ́ńjìnnì á kú. Awakọ̀ á yí ìdí mọ́tò sókè, á tẹ rìfáàsì, á gòkè lọ rọra. Ẹ fojú inú wò ó lórí òkè Aso.

Sítátà alẹ́tíríìkì ti dé lára Cadillac ti 1912, iṣẹ́ ọwọ́ Charles Kettering. Ford pẹ́ kó tó gbà á. Ohun tí Ford kọ́kọ́ wá ni owó pọ́ọ́kú. Dọ́là 850 ni mọ́tò oníjòókòó márùn-ún ní 1908. Nígbà tó fi di 1925, èyí tó kéré jù ti di 260. Ọdún 1913 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fa mọ́tò kọjá níwájú òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Highland Park, dípò kí òṣìṣẹ́ máa rìn lọ bá a. Iṣẹ́ tó ń gba wákàtí méjìlá àti ààbọ̀ lórí férémù kan wá di ìṣẹ́jú 93. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà sú èèyàn. Ẹni tó ń dè nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kì í pẹ́ tó fi ń sá lọ. Ìdí nìyẹn tí Ford fi kéde dọ́là márùn-ún lóòjọ́ fún wákàtí mẹ́jọ ní oṣù kìíní ọdún 1914. Àwọn tó ń yin ọwọ́ ọ̀làwọ́ yìí kì í sábà sọ ìyókù: ilé iṣẹ́ náà ń rán èèyàn lọ sílé òṣìṣẹ́ láti wò bóyá ó ń mutí, bóyá ilé rẹ̀ mọ́, bóyá ó ń fi owó pamọ́. Ẹni tí kò bá yege, apá kan owó náà kò ní kàn án. Ó ju mílíọ̀nù 15 irú mọ́tò yìí lọ tí wọ́n ti ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní 1927.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé àwọn tó ń wọ Amẹ́ríkà nígbà náà gba físà? Mo kà á pé ńṣe ni wọ́n ń yí orúkọ wọn padà ní etíkun. (Ọmọ ilé ìwé gíga kan, Gwagwalada)

ÈSÌ: Físà kò sí títí ogun àgbáyé kìíní fi dé. Owó ọkọ̀ ojú omi ló ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé ilẹ̀kùn ṣí fún gbogbo ayé: òfin ti dí ọ̀nà mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ará Ṣáínà láti 1882, ìdènà yẹn kò sì kúrò títí di 1943.

Erékùṣù Ellis ní etíkun New York ni ọ̀pọ̀ ń gbà wọlé láti 1892. Ọdún 1907 ni èrò pọ̀ jù; ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin ọdún yẹn nìkan, èèyàn 11,747 ló kọjá níbẹ̀. Àwọn tó san owó ipò kìíní àti ìkejì kò tiẹ̀ débẹ̀ àyàfi tí ara wọn kò bá yá; inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń yẹ̀ wọ́n wò. Àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ń kó lọ sí erékùṣù. Àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀: wọ́n á gba àtẹ̀gùn gòkè pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́, dókítà á sì dúró lókè, á máa wo ẹni tó ń mí hẹlẹ àti ẹni tó ń tiro. Ẹni tó bá fura sí, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ lẹ́tà sí i láṣọ: H fún ọkàn, L fún ẹsẹ̀, E fún ojú. Ojú ni wọ́n bẹ̀rù jù. Irin tí wọ́n fi ń de bọ́tìnì bàtà ni wọ́n fi ń yí ìpéǹpéjú padà láti wá àrùn tírákómà, ẹni tí wọ́n bá rí i lára rẹ̀, ilé ló ń lọ. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó gbé e wá ló máa gbé e padà lọ́fẹ̀ẹ́, á sì tún san owó ìtanràn dọ́là ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà àyẹ̀wò tó le ti wà ní èbúté tí wọ́n ti gbéra.

Lẹ́yìn dókítà, ìbéèrè 29 ló kù. Ọ̀kan lára wọn ló ń mú aláìmọ̀kan: "Ṣé iṣẹ́ ń dúró dè ọ́?" Ẹni tó bá fi ayọ̀ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni ti wọ gàù, torí òfin 1885 kò gbà kí wọ́n ti gba èèyàn síṣẹ́ láti òkè òkun. Ẹni tó bá sì sọ pé kò sí iṣẹ́, kò sí owó, wọ́n á ní yóò di ẹrù sí ìjọba lọ́rùn. Ìdáhùn tó dára ni pé: mo lágbára, mo mọ iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ní àdírẹ́sì báyìí, owó mi nìyí. Láti 1909, dọ́là 25 lọ́wọ́ ni wọ́n ń wò. Pẹ̀lú gbogbo èyí, àwọn tí wọ́n dá padà kò ju méjì nínú ọgọ́rùn-ún.

Ti orúkọ, ìtàn ni, kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ erékùṣù kì í kọ orúkọ tuntun. Ìwé tí ọkọ̀ kọ ní èbúté ilẹ̀ wọn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kàn ń fàmì sí i ni. Ògbufọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Àwọn àlejò fúnra wọn ló ń gé orúkọ kúrú lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ lè rí i pè. Òfin 1924 ló wá fìdí físà múlẹ̀, tó sì fi iye sí èèyàn tí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè rán wá. Irú ìwọlé tí o ń kà nípa rẹ̀ yẹn parí síbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ẹ̀rọ ìfọṣọ ló gba àwọn obìnrin wọn lọ́wọ́ wàhálà? (Ìyá Ìbejì, Kàdúná)

ÈSÌ: Omi ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ gbà wọ́n. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń fọṣọ, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń lọ̀ ọ́. Fífọ̀ kan, sísè kan, ṣíṣàn kan, ó ń gba omi bíi kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 mẹ́jọ. Níbi tí kò bá ti sí ẹ̀rọ omi, orí kànga ni obìnrin ti ń fà á, kò sí màìrúwà tó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀. Á tún gbé e sórí iná, á sì tún gbé èyí tó dọ̀tí jáde.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni yóò ti rẹ aṣọ. Láàárọ̀, funfun ló máa kọ́kọ́ fọ̀ lórí pákó ìfọṣọ tí wọ́n lẹ páànù kọ́ńkọ̀lọ̀-kọ́ńkọ̀lọ̀ mọ́, á sè é pẹ̀lú ọṣẹ tó gé wẹ́wẹ́, á fi igi rò ó, á ṣàn án, á wá rì í sínú omi búlúù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ búlúù á mọ̀ pé bí kò bá yòrò dáadáa, aṣọ á ṣe tótòtó. Búlúù olómi ayé ìgbà náà tún ní àrékérekè mìíràn: irin wà nínú rẹ̀. Bí ọṣẹ kò bá ṣàn tán kúrò lára aṣọ, ọṣẹ á bá búlúù jà, nígbà tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná bá sì kàn án, àmì ìpẹtà á yọ. Obìnrin á máa bú áyọ́ọ̀nù, ọṣẹ ló jẹ̀bi. Sítáàṣì á tẹ̀ lé e, àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é, bí ẹni ń se ẹ̀kọ.

Áyọ́ọ̀nù jẹ́ irin gidi tí wọ́n ń gbé kaná lórí sítóòfù, méjì tàbí mẹ́ta kí ọ̀kan máa gbóná bí èkejì ti ń tutù. Nígbà tí ti alẹ́tíríìkì dé, ihò gílóòbù ni wọ́n ń kì í bọ̀, torí iná àtùpà nìkan ni wọ́n ṣe wáyà ilé fún. Kò ní ohun tó ń dín ooru rẹ̀ kù. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ lórí aṣọ, aṣọ ń jó. Ní ìlú ńlá ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀ o. Ní 1930, nínú ilé àgbẹ̀ mẹ́wàá, bíi mẹ́sàn-án ni wáyà iná kò dé. Ẹ máa rántí ìyẹn nígbàkígbà tí wọ́n bá ní Amẹ́ríkà ti ń tan iná láti ayé Edison.

ÌBÉÈRÈ: Òótọ́ ni pé Amẹ́ríkà fòfin de ọtí rí? Ní Kánò a mọ Hisbah tó ń fọ́ ìgò bíà. Mi ò mọ̀ pé àwọn òyìnbó náà ṣe é. (Oníṣòwò kan, Sabon Gari, Kánò)

ÈSÌ: Wọ́n ṣe é, odidi ọdún mẹ́tàlá àti oṣù mẹ́wàá ó lé: láti ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1920 títí di ọjọ́ karùn-ún oṣù kejìlá ọdún 1933. Ṣíṣe, títà àti gbígbé kiri ni òfin lòdì sí. Mímu kò ṣẹ̀ sófin, ẹni tó bá ti ra tirẹ̀ pamọ́ kí òfin tó dé lè jókòó sílé kó máa mu ún. Olówó kó ìgò kún yàrá. Tálákà ló gbẹ lọ́fun. Dókítà náà lè kọ ọtí líle fún aláìsàn, kò gbọdọ̀ ju páìntì kan lọ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Àìsàn pọ̀ lọ́dún wọ̀nyẹn.

Èyí tó yẹ kí ẹ fiyè sí ni májèlé. Sípírítì pọ̀ ní ilé iṣẹ́, fún ọ̀dà àti oògùn, ìjọba sì ní kí wọ́n da mẹ́tánólù mọ́ ọn kí ó má ṣeé mu. Àwọn afàyàwọ́ á jí i, wọ́n á gbìyànjú láti pọ́n ọn. Kò ṣeé ṣe ní ẹ̀yìnkùlé: mẹ́tánólù ń hó ní ìwọ̀n 65, ọtí gidi ní 78, wọ́n sún mọ́ra jù, ìkòkò lásán kò lè yà wọ́n. Ẹnu kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, òórùn kò lè sọ. Ara ló ń sọ ọ́ di ásíìdì tó ń pa iṣan ojú, àmì rẹ̀ sì lè pẹ́ di ọjọ́ kejì: ojú ṣíṣú, èébì, orí fífọ́. Ẹni tó bá rí èyí lẹ́yìn ọtí, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀ kan náà. Irú ikú yìí ló ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 2015, nígbà tí mẹ́tánólù wọ inú ògógóró. Ní 1930, omi atalẹ̀ ọlọ́tí kan tí wọ́n ń tà bí oògùn ní Amẹ́ríkà ní kẹ́míkà mìíràn nínú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì rọ lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ń gbá ilẹ̀ pàpà bí wọ́n bá ń rìn, aládùúgbò á sì ti mọ ohun tí wọ́n mu.

ÌBÉÈRÈ: Ọdún wo ni obìnrin wọn bẹ̀rẹ̀ sí dìbò? (Tíṣà kan, Minna)

ÈSÌ: Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹjọ ọdún 1920 ni ìpínlẹ̀ Tennessee fọwọ́ sí àtúnṣe òfin tó fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ ìbò, òun ló pé iye ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń wá. Ìbò kan ṣoṣo ló gbé e wọlé, ìbò Harry Burn, ọmọ ọdún 24, tí lẹ́tà ìyá rẹ̀ wà lápò rẹ̀. Ibi bíi Wyoming ti gbà á ṣáájú, láti 1869. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ní gúúsù kò jẹ nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí owó orí ìbò àti ìdánwò ìwé kíkà dí ọ̀nà mọ́ wọn títí di òfin 1965. Kó tó di pé ẹnì kan rẹ́rìn-ín: 1979 ni àwọn obìnrin àríwá Nàìjíríà kọ́kọ́ dìbò nínú ìdìbò gbogboogbò.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní wọ́n ń fi póòsì ra odidi ilé, wọ́n tún ń fi póòsì rán ọmọ. Mo ń gbé ẹrù káàkiri Gwarinpa lórí ọ̀kadà, kò tíì sí ẹni tó gbé ọmọ fún mi. (Oníbàárà yín, Kúbwà)

ÈSÌ: Ilé, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n rélùwéè ló ń gbé e, kì í ṣe àpò lẹ́tà. Ilé iṣẹ́ Sears, Roebuck tà á nínú ìwé àfihàn ọjà rẹ̀ láti 1908 títí di 1940. Oníbàárà á mú àwòrán tó wù ú, á sanwó, wágùnù á dé. Pákó tí wọ́n ti gé tán, tí nọ́ńbà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣó, ilẹ̀kùn, fèrèsé, ọ̀dà, àti ìwé tó ń sọ èyí tó máa ṣáájú. Ẹ máa kíyè sí ohun tí kò sí nínú rẹ̀: ilẹ̀, símẹ́ńtì, bíríkì fún ìpìlẹ̀, àti owó kápẹ́ńtà. Ẹni tó bá fi owó ìwé àfihàn nìkan ṣètò á bá ara rẹ̀ pẹ̀lú òkìtì pákó nínú òjò.

Ọmọ náà, ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, kò sì pọ̀. Láti 1902 ni póòsì ti ń dé ẹnu ọ̀nà ará oko títí láé, wọn kì í sì í dé ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́. Lẹ́tà ló mú ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gbé ṣọ́bìrì tún ọ̀nà ṣe, kí mọ́tò tó dé rárá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1913 ni wọ́n wá gbà kí póòsì máa gbé ẹrù ńlá. Kò sí ẹni tó rántí kọ ọ́ sínú òfin pé ọmọ kì í ṣe ẹrù. Ní oṣù kejì ọdún 1914, ní ìpínlẹ̀ Idaho, àwọn òbí kan wò ó pé owó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin wọ́n. Ọmọbìnrin wọn ọmọ ọdún márùn-ún wọ̀n páùn 48 àti ààbọ̀, kò dé 50 tí òfin gbà. Ẹbí ìyá rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ póòsì nínú ọkọ̀ náà, òun ló mú un lọ́wọ́ dé ilé ìyá àgbà. Sítáǹpù sẹ́ǹtì 53 ni wọ́n fi pín-ìn-nì mọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀.